Dragon fruit l'Ékòó: èyí tó lè dá so fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé fọ́tò igi dragon fruit mi, kátọ́ọ̀sì tó ń gun òpó tí a ń jẹ èso ẹ̀ yẹn, sórí status báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á máa bi mí, ṣé ó lè so l'Ékòó? Ó lè so o, ó lè so dáadáa. Ilẹ̀ tó gbóná ló ti wá, apá Mexico àti Central America lọ́hùn-ún, àwọn ará Vietnam tí wọ́n ń gbìn ín lóko ńláńlá tí wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ káàkiri ayé, ooru tiwọn náà ò kéré. Torí náà ẹ fi ti ooru sílẹ̀ ná. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi mí ni pé irú èwo ni kí èèyàn rà, torí mo ti rí igi tó tutù yọ̀yọ̀, tó ti gun òpó dókè tó tún ti ń dà bọ̀ wálẹ̀, tó ń tanná lọ́dọọdún, tí ò so ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tó ni ín á wá máa sọ pé ilẹ̀ Èkó ò gbà á.

Bọ̀dá kan wà ní Surulere, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ló ní kí n wá bá òun wo tòun. Mo débẹ̀, mo rí i pé ó ti gbìn ín yí gbogbo fẹ́ǹsì ká, ó sì ń tọ́jú wọn, kò sí koríko nídìí wọn, ajílẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ń tanná gan-an! Òdòdó funfun ńláńlá, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ mélòó kan, ìdí òdòdó á di yẹ́lò, á já bọ́. Ẹnì kan ti sọ fún un pé omi ni ò tó, ẹlòmíì ní omi ló pọ̀ jù, ẹnì kan tiẹ̀ ta ajílẹ̀ olómi kan fún un lówó gegere pé ìyẹn ló máa jẹ́ kó so. Mo wá bi í pé ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí gbogbo eléyìí, ó ní ẹ̀ka kan péré lòun rà, pé ara ìyẹn lòun ń gé tí òun ń gbìn títí tó fi yí fẹ́ǹsì po. Mo ní háà, igi kan ṣoṣo lẹ ní níbí o.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀. Nínú òdòdó dragon fruit kọ̀ọ̀kan, akọ àti abo jọ wà níbẹ̀ ni. Àwọn òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ lọ súà nínú ẹ̀ yẹn ló gbé pollen, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ìyẹn ni akọ. Ọ̀pá gígùn kan tó yọ jáde láàárín wọn, tí orí ẹ̀ pín sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ni abo. Kó tó lè so, pollen gbọ́dọ̀ dé orí abo yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó bá tanná, torí alẹ́ kan péré ló ń ṣí, tí oòrùn bá ti mú díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti pa dé nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn irú kan wà, pàápàá nínú àwọn tí inú wọn pupa, tí abo wọn mọ pollen ara ẹ̀ yàtọ̀, tí kì í gbà á. Ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì pa á síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní gbà. Pollen irú mìíì ló fẹ́, irú mìíì yẹn sì gbọ́dọ̀ tanná lóru ọjọ́ kan náà, àfi tẹ́ ẹ bá ti gba pollen tiẹ̀ pamọ́ sí fíríìjì tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé lára igi kan tẹ́ ẹ gbìn síbòmíì, igi àkọ́kọ́ yẹn náà ni, bó di ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Surulere nìyẹn. Mo fún bọ̀dá yẹn ní ẹ̀ka irú mìíì lára tèmi, mo sì ní kó má gé ìkankan dànù nínú tiẹ̀, torí kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, ẹnìkejì ni wọn ò ní.

Àwọn tó ń gba pollen ara wọn ni wọ́n ń pè ní self-fertile, irú yẹn ni mo sì ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ tún fara balẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn tó ń tà á máa ń da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Pé igi gba pollen ara ẹ̀, ìyẹn ò sọ pé á lè gbé e dé orí abo fúnra ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú, ọ̀pá abo yẹn gùn ju àwọn òwú akọ lọ, ó yọ sóde, pollen ń dà sísàlẹ̀, abo wà lókè, wọn ò kanra wọn. Irú bẹ́ẹ̀, tẹ́nì kankan ò bá fọwọ́ kàn án, òdòdó púpọ̀ nínú ẹ̀ máa já. Àwọn mìíì wà tí akọ àti abo wọn sún mọ́ra, tí òdòdó bá ń pa dé láàárọ̀ ó máa kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó so nìyẹn, ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Èyí gan-an lẹ ń wá.

Ní ilẹ̀ tó ti wá, àdán àti àfòpiná ńláńlá ló ń ṣiṣẹ́ gbígbé pollen yẹn lóru. Àdán ò wọ́n l'Ékòó, ẹ gbójú sókè nírọ̀lẹ́ ẹ máa rí wọn, ṣùgbọ́n èso ni tiwa mọ̀ jù, mi ò lè fi ìkórè mi sọ́wọ́ wọn. Oyin máa ń wá láàárọ̀ kùtù kí òdòdó tó pa dé, wọ́n ń ran èèyàn lọ́wọ́ dáadáa, àmọ́ ládùúgbò tí gbogbo ilé ti ń fín oògùn ẹ̀fọn lọ́tùn-ún lósì, oyin mélòó lẹ fẹ́ rí? Àti pé ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kó lè bá bọ́ọ̀sì wọ Island, ẹ fẹ́ kó tún máa jí ní aago mọ́kànlá òru máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun òdòdó? Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan torí ìfẹ́, kò lè máa ṣe é lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ igi kan ṣoṣo ni àyè yín gbà, Vietnam White ni mo máa ní kẹ́ ẹ mú. Èyí ni ìta ẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, inú ẹ̀ funfun pẹ̀lú hóró dúdú wẹ́wẹ́, èso ẹ̀ tóbi, ó ń gba pollen ara ẹ̀, ó sì máa ń so láìsí pé èèyàn fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ah, èyí tí inú ẹ̀ funfun ò dùn, omi lásán ni. Mo gbà pé èyí tẹ́ ẹ jẹ ò dùn. Àwọn tó ń ti òkè òkun wá yẹn, wọ́n já wọn kí wọ́n tó pọ́n dénú kí wọ́n lè fara da ìrìn àjò, dragon fruit kì í sì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa pọ́n sí i tó máa dùn sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ já a, bó ṣe dùn tó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ já a náà ló máa dùn mọ. Ẹ jẹ́ kó pọ́n tán lórí igi nínú ilé yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Sugar Dragon, àwọn mìíì ń pè é ní S8.  Èso ẹ̀ kéré, ẹni tó bá ń wá nǹkan tó máa fi yangàn níwájú àlejò lè má fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ inú ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dùn gan-an, ó ń gba pollen ara ẹ̀, pollen ẹ̀ tún dáa fún fífún àwọn tó kù. Òun ni mo fún bọ̀dá Surulere. American Beauty náà wà, inú òun náà pupa, self-fertile lòun náà.

Ọkùnrin kan wà ní California, Paul Thomson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ California Rare Fruit Growers sílẹ̀ ní 1968, òun ṣe irú dragon fruit tó pọ̀. Nínú tiẹ̀ ni Physical Graffiti àti Dark Star. Àwọn méjèèjì dùn, wọ́n lẹ́wà, àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pariwo orúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í gba pollen ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ní Vietnam White tàbí Sugar Dragon nílé tẹ́lẹ̀, ẹ rà wọ́n, kò burú. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ fẹ́ ní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa owó yín mọ́.

Yẹ́lò ńkọ́? Èyí tí ìta ẹ̀ yẹ́lò tó lẹ́gùn-ún, inú ẹ̀ funfun, tó dùn ju gbogbo wọn lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Self-fertile lòun náà. Colombia àti Ecuador ni wọ́n ti ń kó o wá jù, ibi tó tutù ju tiwa lọ díẹ̀ ló fẹ́ràn. Ohun tó jẹ́ kí n má fi ṣe igi àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni l'Ékòó ni pé Vietnam White máa ń pọ́n láàárín bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn tó bá tanná, ti yẹ́lò yìí lè lo oṣù mẹ́rin márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí igi. Ẹ wo gbogbo òjò tó máa rọ̀ lé e lórí láàárín ìgbà yẹn, ẹ wo ẹyẹ, ẹ wo àdán. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ igi kejì tàbí ìkẹta yín.

Ẹni tó bá ń wá a lórí Google, ẹ jẹ́ n sọ èyí kó má baà rú yín lójú: ìwé àtijọ́ máa ń pè é ní Hylocereus, láti 2017 wọ́n ti kó gbogbo wọn sábẹ́ Selenicereus, nǹkan kan náà ni.

Ó kan rírà wàyí, ibí yìí ni owó èèyàn ti ń sọnù. Àwọn tó ń ta òdòdó àti igi lẹ́bàá títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbìyànjú, èmi náà ń rà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé irú èwo nìyí, "red" tàbí "white" ni wọ́n máa sọ. Red kì í ṣe orúkọ. Nínú red èyí tó ń dá so wà, èyí tí kì í dá so náà wà. Ẹ bi wọ́n pé kí lorúkọ ẹ̀ gan-an, ta lẹ ti gba ẹ̀ka ẹ̀, ṣé igi ìyá ẹ̀ ti so rí, ṣé òun nìkan ló wà níbi tó ti so àbí ó wà láàárín àwọn mìíì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí igi tó wà láàárín ogún irú mìíì tó ń so kò tíì sọ fún yín bóyá á lè dá so. Tẹ́ni tó ń tà á bá lè fi fídíò igi ìyá hàn yín tòun ti èso lórí ẹ̀, ẹ bá a nájà. Tó bá ń bínú nítorí ìbéèrè, ẹ kọjá lọ jàre.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ra èso ní supermarket, wọ́n fọ hóró ẹ̀, wọ́n gbìn ín, ó hù, wọ́n kó o sínú ike kékeré, wọ́n ń tà á. Kò sí irọ́ níbẹ̀, dragon fruit ni lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó ti ara hóró wá lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, nígbà tí ẹ̀ka tó gbó lè tanná láàárín ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Àti pé ọmọ ò ní láti jọ ìyá, ìyá lè dá so kí ọmọ má lè dá so, ẹ ò ní mọ̀ títí ọdún kẹrin. Ẹ máa dá a mọ̀: èyí tó ti ara hóró wá máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gún ẹ̀ máa ń wẹ́, ó máa ń pọ̀. Ẹ̀ka gidi nípọn, ó le lọ́wọ́, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ̀gún ẹ̀ kúrú, ó sì ti ṣe bí ẹni tó dàgbà lára.

Tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀ka délé, ẹ má tì í bọ ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé e sí ibòòji níbi tí afẹ́fẹ́ wà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ibi tí wọ́n ti gé e gbẹ, kó san, kó tó kan ilẹ̀. Ẹ wo apá ibi tó kọjú sísàlẹ̀ nígbà tó wà lára ìyá ẹ̀, ìyẹn náà lẹ máa kọ sísàlẹ̀, ẹ fi páálí lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn. Ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta tó wọ ilẹ̀ ti tó. Omi díẹ̀. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin á ti ta gbòǹgbò, ẹ rọra fà á lókè, tó bá di ilẹ̀ mú, ó ti gbà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn bá mi lọ dáadáa, torí ohun tó ń pa dragon fruit l'Ékòó, omi ni, kì í ṣe oòrùn. Kátọ́ọ̀sì ni, àmọ́ kátọ́ọ̀sì inú igbó ni, kì í ṣe ti aṣálẹ̀, ó ń gun igi lára, ó fẹ́ omi, kò kàn fẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lekki àti Ajah, yanrìn ni ilẹ̀ yín, omi ń gbà á kọjá kíá, ìṣòro tiyín ni pé omi ò jìnnà sí ìsàlẹ̀, tí òjò oṣù kẹfà bá dé ó máa gòkè wá bá gbòǹgbò, omi borehole ibòmíì níbẹ̀ náà tún máa ń ní iyọ̀. Ẹ̀yin ará Ikorodu àti Agége, ilẹ̀ pupa yín máa ń di omi mú. Fún gbogbo wa, ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ gbé e sókè. Ẹ kó ilẹ̀ jọ bí ebè gíga kẹ́ ẹ gbìn ín sórí ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gé àgbá rọ́bà búlúù sí méjì, ẹ lu ihò tó pọ̀ sídìí ẹ̀, kì í ṣe ihò méjì mẹ́ta, ẹ gbé e lé bíríkì kí omi lè ráyè jáde. Nínú tèmi, ilẹ̀dú ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, èyí tó kù jẹ́ yanrìn odò wóró-wóró tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sharp sand, èèpo àgbọn tí mo gé wẹ́wẹ́, èédú tí mo fọ́, àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà títí tí ò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa jó gbòǹgbò ẹ̀, torí òkè òkè ni gbòǹgbò ẹ̀ ń rìn. Tẹ́ ẹ bá sì fún un ní ajílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀ka gígùn lẹ máa rí, ẹ ò ní rí òdòdó.

Àìsàn kan wà tí òjò máa ń mú wá, òun ni mo bẹ̀rù jù. Á bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré bíi tíńtín lára ẹ̀ka, àwọ̀ osàn, ibẹ̀ á jìn wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà á di búráùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, òjò á sì ta á sára ẹ̀ka mìíì. Canker ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ mú ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti fi spirit nù, ẹ gé ibẹ̀ kúrò títí débi tó mọ́, ẹ tún nu ọ̀bẹ kẹ́ ẹ tó kan ẹ̀ka mìíì, ohun tẹ́ ẹ gé ẹ má jù ú sídìí igi, ẹ gbé e jáde nínú ọgbà. Oògùn kọ́pà tí wọ́n ń tà nílé oògùn oko máa ń dáàbò bò ó tẹ́ ẹ bá fín in kí òjò tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ka dí pọ̀ mọ́ra, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè láàárín wọn.

Nǹkan tó máa gùn, òpó sìmẹ́ńtì ló dáa jù, gíga tó tó èèyàn tàbí kó jù ú lọ díẹ̀. Igi àti ọparun máa jẹrà, dragon fruit tó dàgbà sì wúwo gan-an, ó máa wó lójijì lọ́jọ́ tí ìjì bá jà. Páìpù irin náà, oòrùn ọ̀sán máa mú un gbóná débi tó máa jó ara ẹ̀ka. Ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ gba táyà ògbólógbòó, bíríkìlà tó bá ń ṣe òpó yẹn á ti rọ́ọ̀dù mẹ́rin bọ orí ẹ̀ tí táyà máa jókòó lé. Igi máa gun òpó lọ tààrà, gbogbo ẹ̀ka tó bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dókè ẹ máa gé e, ẹ fi okùn aṣọ so ó díẹ̀díẹ̀. Tó bá gba inú táyà jáde lókè, ẹ gé ṣóńṣó orí ẹ̀, ó máa ya ẹ̀ka, ẹ̀ka yẹn máa dà bọ̀ wálẹ̀ yí táyà ká. Ara àwọn tó dà wálẹ̀ yìí ló ti máa tanná jù. Ẹni tó jẹ́ kó máa gun ògiri lọ sókè títí, ó máa pẹ́ kó tó rí nǹkan.

Alhaja tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa rí tèmi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣé kì í ṣe oró ni mo gbìn sínú ilé tí ọmọdé wà yìí. Mo lóye ohun tí wọ́n ń sọ, torí oró adétẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, oje funfun ara ẹ̀ burú fún ojú. Mo ní ẹ má bínú mà, mo gé ẹ̀ka kékeré kan níwájú wọn, mo fún un, omi tó yọ níbẹ̀ mọ́ gaara, ó ń yọ̀ bí ilá, kò sí oje funfun. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó dáa. Àwọn ló ń bá mi ṣọ́ èso ẹ̀ báyìí.

Àkókò òjò ló máa ń tanná jù nílé mi, láti bí oṣù karùn-ún lọ sókè, ìpele ìpele. Ojúmọ́ tó bá gùn ló ń jẹ́ kó tanná, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Vietnam fi máa ń tan gílóòbù sínú oko lóru kó lè tanná nígbà tí kì í ṣe àsìkò ẹ̀. L'Ékòó, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún fi kìkì ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ò tó wákàtí kan, ju èyí tó kúrú jù lọ, torí náà ẹ má kà á sí àìsàn tí tiyín ò bá tanná lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú tẹlòmíì.

Alẹ́ tó máa ṣí, ẹ máa mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Òdòdó tó ti ń wú bọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á gbé ẹnu sókè, àwọn ewé tó bò ó níta á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sẹ́yìn. Bí aago méje ó ti ń ṣí, tó bá máa fi di àárín òru ó ti ṣí tán. Èyí tí mo jókòó tì lọ́dún yìí, NẸ́PÀ ti mú iná, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, àwọn òwú akọ inú ẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, pollen ń dà sára ewé funfun tó wà nísàlẹ̀ wọn, òórùn ẹ̀ rọra ń dùn sí mi nímú. Àfòpiná kan wọ inú ẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó máa jáde gbogbo àyà ẹ̀ ti di yẹ́lò.

Vietnam White yẹn lè dá so, ṣùgbọ́n tí mo bá wà nílé tí oorun ò kùn mí, mo ṣì máa ń ràn án lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn obìnrin fi ń kun àtíkè, èyí tó rọ̀, ni mo fi ń gba pollen Sugar Dragon sínú abọ́ kékeré, mo máa wá fi kun orí abo Vietnam White, mo sì gba tiẹ̀ náà fún Sugar Dragon. Èso tó gba pollen irú mìíì máa ń tóbi ju èyí tó dá so lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ní àyè igi méjì pé kó má gbin irú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ fi nylon bo òdòdó láti òkè, ẹ má dì í lẹ́nu pa, torí pollen tó bá ti rin gbindin kò wúlò mọ́. Agbòjò tí mo so mọ́ òpó ni èmi ń lò.

Tó bá gbà, ìdí òdòdó á dúró ní àwọ̀ ewé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òdòdó tó ti rọ, ẹ rọra yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kí omi òjò má baà jókòó síbẹ̀ kó sì jẹrà mọ́ èso lára. Tí àwọ̀ bá ti ń yí padà, ẹ wọ̀ ọ́ ní àpò nẹ́ẹ̀tì, torí ẹyẹ ò ní dúró dè yín. Ẹ má já a lọ́jọ́ tó pupa. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún sí i, kí etí ewé ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. Ẹ gbé e sí fíríìjì, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ẹ fi ṣíbí jẹ ẹ́. Èyí tí inú ẹ̀ pupa lè mú kí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ pupa lọ́jọ́ kejì, pàápàá ti ọmọdé, àwọ̀ èso yẹn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá fún jẹ kí ọkàn ẹ̀ má baà já.

Àwọn tó ń bi mí pé ìgbà wo ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù kejì sí ìkẹta ni mo máa ń gé ẹ̀ka tèmi, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, tí ojú ibi tí mo gé á lè san láìjẹrà. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ti máa bà á, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó lọ́wọ́ ọ̀sán, torí oòrùn oṣù kẹta lórí sìmẹ́ńtì lè mú kí ẹ̀ka kékeré di yẹ́lò. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi máa dé á ti ní gbòǹgbò, kẹ́ ẹ wá gbé e sídìí òpó.